Ta Ni Kí N Lọ Bá? Wíwá Ẹni Tí A Ó Tú Ọkàn Wa Fún ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá, obìnrin kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun kì í rí oorun sùn mọ́. Ó ní ojú fèrèsé lòun máa ń jókòó sí títí ládàánì á fi pèrun àsùbá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìmọ̀ràn ti rọ́ dé bí òjò. Ẹnìkan ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnìkan ní ewé kan wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnìkan tó ti pẹ́ ní Kánádà kọ pé: "Ọ̀rẹ́ mi, lọ rí therapist." Ni ẹlòmíì bá fìbínú dá a lóhùn: "Therapist ti bí? Ṣé ó ti ya wèrè ni? Ẹ kúkú sọ pé ká gbé e lọ sí Àrò!" Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, obìnrin náà ti pa ohun tó kọ rẹ́.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan: "Ẹni tí wọ́n ní kí n lọ rí yẹn, ta ni? Níbo ló wà?" Mo ya ẹnu, mi ò rí nǹkan kan sọ. Nínú gbogbo wa tá a ń pariwo lórí WhatsApp, kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀kùn tí èèyàn máa kàn. Ohun tí mo wá rí kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ta ni ta ni nínú wọn?

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń dojú ọ̀rọ̀ rú. "Therapist" kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ kan pàtó. Bí wọ́n bá ní oníṣòwò ni lágbájá, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá gàárì ló ń tà tàbí irin ìkọ́lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni therapist: ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti máa fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn èèyàn. Irú èwo nínú wọn ni? Ìyẹn ni ìbéèrè tó kù.

Àkọ́kọ́ ni káńsẹ́lọ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ìṣòro tó sì ń bá gbogbo èèyàn fínra ló wà fún: ọ̀fọ̀, ìjà tọkọtaya, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ọmọ tó kọ̀ tí kò ka ìwé mọ́. Kì í kọ oògùn. Àwọn kan máa ń pè é ní agbaninímọ̀ràn, orúkọ yẹn sì ń tan ni jẹ, torí pé káńsẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbani nímọ̀ràn bí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè ló máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á sì dákẹ́ kí ẹ fi ronú. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn nìkan là ń wá, WhatsApp ẹgbẹ́ wa tó.

Ìkejì ni clinical psychologist. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ó tún gba oyè másítà nínú ẹ̀ka ìtọ́jú, ó sì kọ́ṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn. Ìsoríkọ́ tó ti wọra, ẹ̀rù tó ń bani láìnídìí, ìpayà tí kò kúrò lára ẹni tí àwọn ajínigbé dá lọ́nà rí, tirẹ̀ nìyẹn. Òun náà kì í kọ oògùn.

Ìkẹta ni psychiatrist. Dókítà gidi ni, bí dókítà ojú ṣe jẹ́ dókítà. Ọdún mẹ́fà ló lò nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kó tó wá lọ lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lórí àìsàn ọpọlọ àti ọkàn nìkan. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló lè kọ oògùn fún yín. Ẹ tún máa rí nọ́ọ̀sì tó kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ, àti social worker ilé ìwòsàn. Ẹ má fojú di social worker o: òun ló sábà máa ń mọ bí èèyàn á ṣe rí owó ìtọ́jú àti ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀ nínú ẹbí.

Ẹ fi wé ilé. Bí òrùlé bá ń jò, káfíńtà là ń pè. Bí ògiri bá sán, bíríkìlà ni. Àmọ́ káfíńtà tó mọṣẹ́, tó bá gòkè tó rí i pé ògiri ló ń yẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún onílé. Káńsẹ́lọ̀ tó dáa máa ń sọ pé, "Èyí ju tèmi lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà fún yín." Èyí tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí ló yẹ kó máa dẹ́rù bà wá.

Bí ẹ ò bá mọ èyí tó kàn yín nínú mẹ́ta, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà gbogboogbò ná. Gẹ̀gẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, àní oògùn kan tí à ń lò fún nǹkan mìíràn pàápàá, lè mú kó rẹ èèyàn, kí gbogbo nǹkan sì sú u, kó jọ pé ọkàn ló ń ṣàìsàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa yanjú ìyẹn.

Ṣé Àrò ni wọ́n á gbé mi lọ?

Rárá. Káńsẹ́lọ̀ àti psychologist ò láṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni dúró sílé ìwòsàn. Àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Àrò fúnra rẹ̀, torí a ti sọ orúkọ rẹ̀ di èébú.

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ ni, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wò láwọn ọdún 1950. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé níbi púpọ̀ láyé, Lambo ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lábúlé tó wà nítòsí, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, kí ẹnìkan láti ilé wọn sì bá wọn wá. Wọ́n á gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n á sì padà sábúlé láàárín àwọn èèyàn tó ń gbé ayé wọn lọ. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ sí Àrò, káàdì ni wọ́n ń gbà, wọ́n á rí dókítà, wọ́n á sì wọ mọ́tò padà sílé lọ́jọ́ náà.

Òfin náà ti yí padà. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916, tó ń pe aláìsàn ní wèrè láti orí àkọlé rẹ̀, la fi ń ṣe ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ó fi ẹ̀tọ́ aláìsàn sínú ìwé, títí kan ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, àyàfi nígbà díẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀.

Níbo ni wọ́n wà lágbègbè wa?

Wọ́n wà nítòsí ju bá a ṣe rò lọ. Ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní ẹ̀ka tó ń rí sí àìsàn ọpọlọ. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Babcock wà ní Ìlíṣàn, níbi tí ẹ ti lè béèrè bákan náà. Ẹni tó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gba ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wọlé: ẹ gba káàdì, ẹ rí dókítà, kó kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ sí Ṣágámù. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó mú lẹ́tà dání kì í tún ìtàn rẹ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì.

Ní ti káńsẹ́lọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun ń kọ́ni níṣẹ́ káńsẹ́lọ̀. Ọmọ tó bá ń kàwé níbẹ̀ tàbí ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, kó béèrè ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kó tó náwó síta.

Ó tún wà lórí fóònù. Ẹ lè jókòó sí Ìpẹru kí ẹ máa bá ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dínà rẹ̀ ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ni yàrá. Ilé wa kún. Mo mọ ọ̀gá tíṣà kan tó máa ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ sẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé ní ọ̀sán Sátidé, á gbé gíláàsì sókè, á fi ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì sórí itan bí ẹni tó ń máàkì, á wá máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Òógùn á bò ó. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni kò sí ẹni tó máa bi òun pé, "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ṣé wọn ò ní sọ ọ́ nígboro?

Ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyí. Ẹ̀rù oògùn kọ́ ló ń ba ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀rù ẹnu ni. Ìlú tí ẹni tó ń ta iṣu fún ẹ jẹ́ àna ẹ̀gbọ́n ẹ, tí ẹni tó ń fúnni ní káàdì nílé ìwòsàn sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín, báwo lèèyàn á ṣe tú àṣírí níbẹ̀?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún tí bàbá mi kú, mo lọ bá obìnrin kan tó ní òun ń ṣe káńsẹ́lọ̀. Mo sọ fún un pé mi ò lè dárí ji bàbá mi nítorí ilé tó kọ́ fún ìyàwó kékeré. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àǹtí mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jà Òkè-Ajé, ọwọ́ rẹ̀ kan tí ó ṣì di ẹja gbígbẹ mú, ó ní, "Ọmọ mi, òkú kì í ṣe ẹni tí à ń bínú sí." Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jò. Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó tún la ẹnu bá ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé pípa àṣírí mọ́ kì í ṣe ojúrere tí wọ́n ń ṣe fún wa. Òfin iṣẹ́ wọn ni. Ó níbi tó mọ, ẹni tó mọṣẹ́ á sì sọ ibẹ̀ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọkọ yín, ìyá yín, tàbí pásítọ̀ yín. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sọ ohunkóhun: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè gbọ́ ohun tí mo bá sọ níbí? Ibo lẹ ń kó ìwé tí ẹ ń kọ sí?" Bó bá rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, ọmọ ìyá kan náà ni wá," ẹ dìde. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ ra omi.

Ọgbọ́n ilé tún wà. Ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kọjá sí Ṣágámù. Ará Ṣágámù, ẹ lọ sí Ìlíṣàn tàbí kí ẹ gba Ṣíún lọ sí Abẹ́òkúta. Owó mọ́tò yẹn, ara ìtọ́jú ni. Ẹ má sì lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n yín, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó bá mi mu?

Nígbà Ojúde Ọba, aṣọ kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń rà. Àmọ́ télọ̀ ò lè fi ìwọ̀n mi rán ti ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí ó wo ẹ̀gbọ́n yín sàn lè máà bá yín mu rárá, kò sì túmọ̀ sí pé ó burú.

Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò ná. Pátákó kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá lówó ọ̀dà lè kọ "káńsẹ́lọ̀" sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria. Àwọn káńsẹ́lọ̀ náà ní ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1976: CASSON ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, APROCON ló ń jẹ́ báyìí. Ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ẹgbẹ́ wo lẹ wà?" Kì í ṣe àrífín. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ máa ń fẹ́ràn kí wọ́n bi òun.

Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tiyín. Ṣé obìnrin lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ àbí ọkùnrin? Ẹni ọgọ́ta ọdún lè máà lè tú ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ fún ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n á wá ẹlòmíì. Èdè ńkọ́? Èyí ni àwọn èèyàn kì í kà sí, èmi sì kà á sí gan-an. Ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ tí inú bá bà á jẹ́, Ìjẹ̀bú ló ń jáde, Yorùbá inú ìwé pàápàá kì í tó o. Bí ẹni tó jókòó níwájú yín ò bá gbọ́ èdè tí ẹ fi ń sunkún, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ló máa gbọ́.

Ìjókòó kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ti àkọ́kọ́, ìbéèrè ló máa kún inú rẹ̀: oorun, oúnjẹ, ẹbí, àìsàn tó ti ṣe yín rí. Ẹ lè sunkún, ẹ lè máà sunkún. Ẹ má retí kí ara fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíì á tún wá rẹ̀ ẹ́ sí i, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ojú egbò. Ẹ fún un ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó dájọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba ìgbà kejì o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju yín lọ. Ẹni tó ṣèlérí pé ó máa tán ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó yá yín lówó tàbí tó ní kí ẹ yá òun. Ẹni tó ní kí ẹ wá pàdé òun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lára yín.

Pásítọ̀, ààfáà àti babaláwo ńkọ́?

Lambo ò lé wọn, ta wá ni èmi? Àdúrà ń ran èèyàn lọ́wọ́, àwọn tó ń bẹ̀ wá wò lẹ́yìn ìsìnkú náà sì ń ṣe ohun tí oògùn ò lè ṣe. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n ní ká da oògùn dókítà nù, kí wọ́n de èèyàn mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n nà án pé ẹ̀mí kan ló wà lára rẹ̀. Ẹ lè lọ gba àdúrà lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì lọ rí psychologist lọ́jọ́ Ajé. Ẹ sọ fún àwọn méjèèjì.

Owó ńkọ́?

Owó ilé ìwòsàn ìjọba sábà máa ń kéré sí ti aládàáni. Bí ẹ bá ní ìbánigbófò ìlera níbi iṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ó dé orí ìtọ́jú ọkàn. Ẹ béèrè iye tí ìjókòó kan jẹ́ kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì sọ agbára yín. Àwọn kan máa ń dín in.

Ìgbà wo ni kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la?

Bí ẹnìkan bá ń sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, bó bá ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn láìnídìí, bó bá ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí tó ti pẹ́ tí kò jẹ tí kò mu, a kì í wá ẹni tó bá a mu nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù ni. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé. Ẹ bi í ní tààrà pé, "Ṣé o ń ronú láti pa ara ẹ ni?" Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lórí, ọ̀pọ̀ máa ń mí kanlẹ̀ pé ẹnìkan tiẹ̀ béèrè.

Bí kò bá wá bá mi mu ńkọ́?

Ẹ lọ wá ẹlòmíì. Ó rọrùn láti sọ, mo mọ̀. A ti kọ́ wa láti máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, a ò sì mọ bí a ṣe ń sọ pé ó tó. Obìnrin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nígbà mẹ́ta. Ó ní ọmọlúàbí ni, àmọ́ gbogbo ìgbà tóun bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ òun, ojú ń ti òun, torí ọmọ náà jọ àkọ́bí òun. Dípò kó sá, a jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a jọ kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ ṣeun fún ìgbà mẹ́ta tí ẹ fún mi. Mo fẹ́ bá obìnrin tó dàgbà díẹ̀ sọ̀rọ̀, torí irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó dojú fóònù dé sórí itan rẹ̀ bí ẹni tó jalè. Kò tó ìdajì wákàtí, ọmọkùnrin náà ti fi orúkọ méjì ránṣẹ́, ọ̀kan ní Ṣágámù, ọ̀kan ní Abẹ́òkúta. Ti Ṣágámù ló mú.